Ẹgbẹ́ Orogún Gba Kóòṣì Tuntun: Kí Ni Ìkéde Náà Ń Sọ Gan-an?

Ìròyìn kan wà tí kì í pẹ́ kárí ìgboro Ìbàdàn: pé Rangers ti Enugu, tàbí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tí Shooting Stars wa máa ń bá wàákò nínú líìgì, ti gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun. Kí oòrùn tó kanrí, ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn níwájú àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀. Ẹnì kan á ní ó tán fún wa ní sáà yìí. Ẹlòmíràn á ní ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan, ṣebí wọ́n lé e níbi tó ti ń bọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí ní àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nígbà tí Chelsea tàbí Manchester United bá pààrọ̀ kóòṣì, tí àwọn ọmọlẹ́yìn Arsenal á sì máa ṣírò bóyá ẹ̀rín ni ó yẹ kí àwọn rín tàbí kí àwọn múra sílẹ̀.

Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni èdè tí wọ́n fi ń kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan á pe ẹni tí ó gbà ní head coach, òmíràn á pe tirẹ̀ ní manager, ẹ̀kẹta á ní Technical Adviser ni, ẹ̀kẹrin á sì fi adelé kún un. Wọ́n á ní àdéhùn ọdún mẹ́ta ni, àmọ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹ óò gbọ́ pé wọ́n ti ní kí ó máa lọ. Ní tèmi, orúkọ ẹni tí wọ́n gbà kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Agbára tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni, nítorí agbára yẹn ni yóò sọ bóyá ẹgbẹ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a óò tún bá lórí pápá, tàbí ẹgbẹ́ tí ó ti di nǹkan mìíràn.

## Ta ni ọ̀gá nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí gbogbo wa mọ̀ sí kóòṣì, ni ẹni tí ó ń darí ìgbáradì, tí ó ń yan àwọn mọ́kànlá tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, tí ó ń pinnu bóyá ẹni mẹ́ta ni yóò dúró sẹ́yìn tàbí mẹ́rin, tí ó sì máa ń dìde lórí àga nígbà tí eré bá ń lọ láti ní kí ẹnì kan jáde kí ẹlòmíràn wọlé. Iṣẹ́ yìí kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, yálà head coach ni wọ́n pè é tàbí manager. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí pápá: ta ni ó ń pinnu agbábọ́ọ̀lù tí wọn yóò rà àti èyí tí wọn yóò tà, ta ni ó ń gba àwọn igbákejì kóòṣì síṣẹ́, ta ni ó sì ń sọ irú ọmọ tí wọn yóò mú wá láti inú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́?

Manager, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará England ti ń lo orúkọ náà láti ìgbà pípẹ́, lẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀. Head coach, tí ó wọ́pọ̀ jù ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù, jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan: pápá ni tirẹ̀, ọjà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹlòmíràn, tí wọ́n sábà máa ń pè ní olùdarí eré ìdárayá, ni ó ń bá àwọn tó ni ẹgbẹ́ ná ọjà agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí a fi télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Télọ̀ kan wà tí oníbàárà máa ń kó owó fún pé kí ó lọ sí Gbági fúnra rẹ̀, kí ó yan aṣọ tí ó bá wù ú, kí ó ra òwú àti bọ́tìnnì, kí ó sì rán ohun tí ó mọ̀ pé yóò yẹ ẹni náà. Òmíràn wà tí wọ́n á ká ọ̀pá aṣọ díẹ̀ lé lọ́wọ́, tí wọ́n á ní agbádá ni àwọn fẹ́. Bí aṣọ kò bá tó, òun ni yóò mọ bí yóò ṣe dá a. Àwọn méjèèjì lè mọ iṣẹ́ dé ibi kan náà. Àmọ́ bí agbádá náà bá fún oníbàárà lọ́rùn, ẹjọ́ wọn kò lè rí bákan náà, nítorí pé èkejì kò fi ojú kan ọjà rárá. Télọ̀ àkọ́kọ́ ni manager; èkejì ni head coach.

Ìtàn Arsenal fi èyí hàn kedere. Láti 1996 títí di 2018 tí Arsène Wenger fi wà níbẹ̀, manager ni wọ́n ń pè é, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹgbẹ́ náà tí kò lọ́wọ́ sí. Nígbà tí ó lọ, wọ́n gba Unai Emery gẹ́gẹ́ bí head coach. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fún Mikel Arteta nígbà tí ó dé ní December 2019. Ní September 2020, lẹ́yìn tí ó ti gba ife FA, ẹgbẹ́ náà kéde pé láti ìgbà náà lọ, manager ni yóò máa jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oyè lásán ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n mú un wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí wọn yóò rà ni. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí a ń wò lónìí jẹ́ ẹgbẹ́ tí Arteta bá wọn yan aṣọ rẹ̀.

Liverpool gba ọ̀nà kejì. Jürgen Klopp jẹ́ manager níbẹ̀ láti 2015 títí di 2024. Nígbà tí Arne Slot rọ́pò rẹ̀, head coach ni wọ́n kọ sínú ìkéde. Inú àwọn alátakò Liverpool dùn nígbà náà, wọ́n ní ọkùnrin tí kò lágbára láti ra ẹnikẹ́ni kò lè ṣe nǹkan kan. Agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí ó wọ inú ikọ̀ àgbà lọ́dún náà láti lò lójú ẹsẹ̀ ni Federico Chiesa, síbẹ̀ Slot fi àwọn tí Klopp kó jọ gba líìgì England ní sáà 2024/25. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé agbára kóòṣì kéré kí ó sọ pé ewu rẹ̀ kéré. Bí aṣọ tí wọ́n ká lé télọ̀ lọ́wọ́ bá ti dára tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ìdajì kí ó tó mú sísọ́ọ̀sì.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà, ibí yìí sì ni àwọn tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù England nìkan ti máa ń ṣìnà. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì Nàìjíríà tí wọ́n ń lo Technical Adviser, ẹni yẹn ni ọ̀gá pátápátá lórí ọ̀rọ̀ pápá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà dún bí ẹni tí ó kàn ń gbani nímọ̀ràn. Ẹni tí wọ́n pè ní chief coach á wá jẹ́ igbákejì rẹ̀. Team manager ní ti Nàìjíríà kò sì bá manager ti England tan rárá: òun ni ó ń mójú tó káàdì ìforúkọsílẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀sì, òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ìwé tí wọn yóò kó fún àwọn aláṣẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé Rangers ti yan team manager tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín fò.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni ẹni tí ó ni ẹgbẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ni Shooting Stars, ìjọba ìpínlẹ̀ Enugu ni ó sì ni Rangers. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àpò ìjọba ni owó ti ń wá. Alága àti ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́, tí gómìnà fi sípò, ni wọ́n sì máa ń ní ọ̀rọ̀ tó rinlẹ̀ lórí ẹni tí wọn yóò gbà. Kóòṣì lè kọ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé àwọn mìíràn ni yóò bá ní pápá ìgbáradì. Remo Stars yàtọ̀, nítorí Kunle Soname ni ó ni ín, kì í ṣe ìjọba. Ìpinnu níbẹ̀ kì í rìn jìnnà kí ó tó di iṣẹ́. Abẹ́ Daniel Ogunmodede ni wọ́n ti gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024/25. Bí irú ẹgbẹ́ báyìí bá gba kóòṣì, ó yẹ kí a fetí sí i ju bí a ti ń ṣe lọ, nítorí ohun tí kóòṣì náà bá béèrè lè tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

## Ṣé ìkéde àti ìbuwọ́lùwé jẹ́ ohun kan náà?

Rárá o. Àwọn ìpele mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà: ìjíròrò, àdéhùn ẹnu, fífọwọ́ sí ìwé, àti ìkéde. Ó yẹ kí ìkéde wà ní ìkẹyìn, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń ṣáájú ìbuwọ́lùwé, pàápàá jù lọ níbi tí àwọn aláṣẹ bá ti ń wá ohun tí yóò pa àwọn olólùfẹ́ lẹ́nu mọ́.

Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó rí èyí lójúkorojú ní ìparí oṣù August 2024. Àjọ NFF, tí ó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, kéde pé Bruno Labbadia, ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì, ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun fún Super Eagles. Àwọn ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀ jáde, àwọn onímọ̀ bọ́ọ̀lù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí àwọn ikọ̀ tí ó ti tọ́ ní Jámánì ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, NFF tún jáde sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí pé wọn kò fẹnu kò lórí owó orí tí ó gbọ́dọ̀ san fún ìjọba Jámánì lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Augustine Eguavoen ni wọ́n ní kí ó mójú tó ikọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ owó orí! Kò sí ẹni tí ó rò ó nínú gbogbo àríyànjiyàn tí a ti ṣe.

Ohun tí ó fara jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú pẹ̀lú José Peseiro. December 2021 ni wọ́n kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di May 2022 kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ní àárín ìgbà yẹn, Eguavoen ni ó kó ikọ̀ náà lọ sí ìdíje ife Áfíríkà ní Cameroon, òun náà ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Ghana gba tíkẹ́ẹ̀tì ife àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́ ní Abuja. Ẹni tí wọ́n kéde kò sí lórí àga.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ tí a ń bá figagbága ti gba ènìyàn, ohun mẹ́ta ni kí a máa wò nínú ìròyìn: ṣé wọ́n sọ iye ọdún, ṣé wọ́n fi àwòrán ibi tí ó ti ń fọwọ́ sí ìwé hàn, ṣé wọ́n sì dárúkọ ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ darí ìgbáradì? Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, ìròyìn náà ṣì wà lẹ́nu.

## Kí ni ó wà nínú ìwé àdéhùn náà?

Iye ọdún ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ, òun náà sì ni ó ń ṣì wọ́n lọ́nà jù. Àdéhùn ọdún mẹ́ta kò túmọ̀ sí pé kóòṣì yóò lo ọdún mẹ́ta. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé, bí ẹgbẹ́ náà bá lé e kúrò láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ sí àdéhùn, wọ́n ní owó kan láti san fún un nítorí àkókò tí ó kù. Owó yẹn ni ó máa ń fa á tí ẹ fi ń rí kóòṣì tí ó ń pàdánù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì lé e: àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń ṣírò pé lílé e yóò náni lówó ju fífi í sílẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé owó oṣù mélòó kan péré ni àwọn yóò san bí àwọn bá pínyà, kí ó má baà di gbèsè ńlá.

Apá kejì ni owó tí ẹgbẹ́ mìíràn yóò san bí wọ́n bá fẹ́ gba kóòṣì tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Manchester United fẹ́ Ruben Amorim ní ọdún 2024, Sporting ti Lisbon ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú un lọ yóò san mílíọ̀nù 10 owó Euro. United san án, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 1 lé e, kí Sporting lè jẹ́ kí ó tètè kúrò láìdúró de gbogbo ọjọ́ ìfitónilétí tí ó wà nínú ìwé. Síbẹ̀ náà, ọjọ́ 1 November ni wọ́n kéde rẹ̀, ọjọ́ 11 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ nípa èyí á máa béèrè ìdí tí kóòṣì tuntun fi ń darí ẹgbẹ́ àtijọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín tí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹgbẹ́ orogún. Agbábọ́ọ̀lù ní àsìkò káràkátà. Kóòṣì kò ní. Àjọ FIFA fàyè gba àsìkò méjì lọ́dún tí ẹgbẹ́ lè fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọn kò lè gba akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹgbẹ́ tí ó bá wá gba kóòṣì lẹ́yìn tí àsìkò káràkátà ti parí ra orí tuntun fún ara àtijọ́ ni. Amorim fẹ́ràn kí ẹni mẹ́ta dúró sẹ́yìn, kí ẹni méjì sì máa sá lọ sá bọ̀ létí pápá. Àwọn tí ó bá ní Manchester jẹ́ àwọn tí wọ́n rà fún ẹ̀yìn ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni United parí sí ní sáà náà.

Ti Rangers ní 2023 kò rí bẹ́ẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mú Fidelis Ilechukwu dé, ó ráyè kó àwọn ọmọ jọ, ó ráyè lé àwọn tí kò wù ú, wọ́n sì gba líìgì ní sáà 2023/24, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú ìkéde tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ní Adámásingbà, pápá Shooting Stars, èyí tí wọ́n ṣe nígbà ìsinmi ni mo máa ń mú.

Apá kẹta ni góńgó tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Nínú líìgì tiwa, ó ti di àṣà pé kí àwọn aláṣẹ sọ ọ́ síta pé kóòṣì gbọ́dọ̀ kó àmì báyìí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Mi ò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Kóòṣì tí wọ́n fún ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ kì í gbin nǹkan kan. Á pa ọ̀dọ́mọdé tì sórí àga, á kó àwọn àgbà tí ó mọ̀ síwájú, á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á máa wá góòlù kan. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nira láti borí fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ni yóò rọ̀.

Láti January 2021 ni FIFA ti ní òfin tí ó dá lórí àwọn kóòṣì nìkan: àdéhùn wọn gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí ó sì sọ iye owó àti iye àkókò. Kóòṣì tí ó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ lè gbé e lọ síwájú FIFA.

## Adelé ńkọ́?

Adelé ni ẹni tí wọ́n ní kí ó máa bójú tó ikọ̀ náà títí wọn yóò fi rí ẹni tí wọ́n ń wá. Ó sábà máa ń jẹ́ igbákejì kóòṣì tí wọ́n lé, tàbí ẹni tí ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kì í ní agbára láti ra ẹnikẹ́ni, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó lè ya ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí Manchester United lé José Mourinho ní December 2018, wọ́n mú Ole Gunnar Solskjær wá gẹ́gẹ́ bí adelé, ó sì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ láìjá ọ̀kan. Ní ìparí March 2019, wọ́n fún un ní iṣẹ́ náà pátápátá. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá tí ó kù ní sáà yẹn, méjì péré ni ó ti borí. Ìwé àdéhùn kò bà á jẹ́. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n dára ju bí ẹgbẹ́ náà ṣe rí lóòótọ́ lọ.

## Ìwé àṣẹ kóòṣì ha ṣe pàtàkì bí?

Ó ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ lọ díje ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà yòókù. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní ìwé àṣẹ D, C, B, A àti Pro, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹgbẹ́ tí yóò bá sì díje nínú àwọn ife CAF gbọ́dọ̀ ní olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ga tó. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan fi lè ní ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni ó ń ṣe iṣẹ́, kí orúkọ ẹlòmíràn sì wà lórí fọ́ọ̀mù.

## Ṣé kóòṣì tuntun máa ń yí nǹkan padà lójú ẹsẹ̀?

Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ nìyí: bí ẹgbẹ́ bá pààrọ̀ kóòṣì, wọn yóò borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọlẹ́yìn Shooting Stars fi máa ń kùn bí ó bá jẹ́ pé àwa ni ẹgbẹ́ orogún náà kọ́kọ́ fẹ́ pàdé lẹ́yìn tí wọ́n gba ènìyàn tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń lé kóòṣì? Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ni: bọ́ọ̀lù ń gbá òpó, gólì ń ṣe àṣìṣe, agbábọ́ọ̀lù méjì nínú àwọn tó dára jù ti farapa. Kò sí ẹgbẹ́ tí irú oríburúkú bẹ́ẹ̀ ń bá jìnnà. Bí àwọn tó farapa bá padà, tí bọ́ọ̀lù tó ń gbá òpó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹgbẹ́ náà yóò padà sí ipò rẹ̀, ì báà jẹ́ kóòṣì àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀ tàbí tuntun. Tuntun tí ó bá a níbẹ̀ ni yóò gba oríyìn.

Bas ter Weel, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Netherlands, wo líìgì orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti 1986 títí di 2004. Kò wo àwọn ẹgbẹ́ tí ó lé kóòṣì nìkan. Ó wá àwọn mìíràn tí nǹkan bàjẹ́ fún bákan náà ṣùgbọ́n tí wọn kò lé ẹnikẹ́ni, ó sì fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Ohun tí ó rí ni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n gbéra sọ, kò sì sí pé àwọn tí ó lé kóòṣì ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lé lọ. Ìwádìí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń pariwo ní Adámásingbà pé kí wọ́n lé kóòṣì lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọn kò ní gbọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo kóòṣì ló rí bákan náà. Àwọn kan mọ iṣẹ́ ju àwọn kan lọ, ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn, ṣùgbọ́n bí sáà bá ti ń lọ ni ó ń hàn sí i. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Líìgì wa ní ẹgbẹ́ 20, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ó kéré tán, ẹ fún kóòṣì tuntun ní mẹ́wàá kí ẹ tó sọ pé ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Nínú mẹ́wàá náà, ẹ ka iye tí ó gbá nílé àti iye tí ó gbá lẹ́yìn odi. Ní Nàìjíríà, níbi tí ìrìn àjò ojú títì ti ń gba agbára lára àwọn ọmọ, tí ẹgbẹ́ tó gba àlejò sì sábà máa ń borí, kóòṣì tí ó bá bẹ̀rẹ̀ nílé á dà bí ẹni tí ó mú oògùn dé. Ìgbà tí ó bá lọ sí Kano tàbí Aba tí ó sì mú àmì kan bọ̀ ni kí a tó máa wo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

## Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ti fìgbà kan jẹ́ tiwa ńkọ́?

Èyí ni ó máa ń dun àwọn ará Ìbàdàn jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ Rangers. Ìjà wa pẹ̀lú wọn ti pẹ́. Ní 1976, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ IICC Shooting Stars, a di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife Áfíríkà, ìyẹn ife African Cup Winners. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Rangers pàdé wa ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ìdíje kan náà, pẹnáritì ni wọ́n fi jáwé olúborí, àwọn ni wọ́n sì gba ife náà lọ sí Enugu. Àwọn àgbà tí wọ́n wà láyé nígbà náà kò tíì dárí jì wọ́n.

Síbẹ̀, kóòṣì kì í ṣe ọmọ ìlú. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Gbenga Ogunbote, ẹni tí ó ti tọ́ Shooting Stars rí, ni ó wà lórí àga Rangers nígbà tí wọ́n gba ife àjọ NFF ní 2018. Ní Asaba, Kano Pillars ti fi góòlù mẹ́ta ṣáájú wọn láìsí èsì. Rangers dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n sì borí nínú pẹnáritì. Láti 1983 ni ife náà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, Ogunbote tún padà wá sí Ìbàdàn láti tọ́ Shooting Stars, àwọn tí wọ́n bínú sí i tẹ́lẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀rù tí ó máa ń bà wá ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ àṣírí wa. Wọ́n á ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó mọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ó mọ ẹ̀yìn ọ̀tún tí kì í fẹ́ padà sẹ́yìn nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó mọ gólì tí ń jáde láti gba bọ́ọ̀lù kọ́nà àti èyí tí ń dúró lórí ìlà, ó mọ ọwọ́ tí ẹni tí ń gbá pẹnáritì wa máa ń gbá a sí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè ràn án lọ́wọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tàbí méjì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú líìgì wa kì í fọwọ́ sí ìwé pípẹ́. Bí sáà bá parí, ìdajì wọn lè ti wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn ọmọ tuntun á sì gba nọ́ńbà wọn. Bí ó bá jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa ni a pàdé rẹ̀, kí kóòṣì wa yí ẹni tí ń gbá pẹnáritì padà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn sáà méjì, ẹgbẹ́ tí ó mọ̀ yẹn ti tú ká.